Màmá tó ṣe Hyacinth Bucket, ṣé lóòótọ́ ni pé olórin ni wọ́n?

Adukeade:

Ẹ kú àsìkò yìí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn látàná, mo sì mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ tíátà dáadáa wà níbí ni mo ṣe gbé e wá.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì máa ń ṣe jù. Màmá kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, o lè wà lọ́dọ̀ wọn látìrọ̀lẹ́ títí wọ́n á fi sùn kó má ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ṣùgbọ́n tí Keeping Up Appearances bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí TV báyìí, ojú wọn á là, wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu nínú eré náà. Bí èmi náà ṣe di ẹni tó ń jókòó wò ó nìyẹn. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Hyacinth Bucket, Bucket tó túmọ̀ sí garawa náà ni o, òun wá takú pé orúkọ òun kì í ṣe garawa, Bouquet ni, ìyẹn ìdì òdòdó, ẹni tó bá ṣì í pè, lójú ẹsẹ̀ ló máa tún un pè fún un. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbà pé ẹni ńlá lòun, bẹ́ẹ̀ ilé àwọn àbúrò ẹ̀ rèé, ajá ń gbó látinú mọ́tò tó ti kú sẹ́nu ọ̀nà.

Lálẹ́ àná ó dé ibi tó ti ń kọrin mọ́ Emmet, àbúrò aládùúgbò ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá wo bí ọkùnrin yẹn ṣe ń yọ́ gba ẹ̀yìn ilé kó má bàa rí i. Orin yẹn ta mí létí débi tí mo fi sọ sókè pé háà, obìnrin yìí ò lóhùn rárá. Màmá tí mò ń tọ́jú yíjú sí mi, wọ́n ní "olórin ni." Ó tán. Wọ́n yíjú padà sí TV, wọn ò tún sọ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó ni, àmọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ dá mi lójú, kò jọ ti ẹni tó ń ṣìnà ọ̀rọ̀. Ẹ bá mi tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ta ni òṣèré yẹn gan-an, ṣé olórin ni wọ́n lóòótọ́, ṣé wọ́n ṣì wà láyé? Mo tún rí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórúkọ wọn, wọ́n ní ẹni àádọ́ta ọdún ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré yìí, ṣé òótọ́ ni? Ẹ ṣé o.

EleretiataAtijo:

Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Màmá tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú ò ṣìnà ọ̀rọ̀ rárá, òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ fún yín.

Patricia Routledge lorúkọ òṣèré yẹn. Ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1929 ni wọ́n bí wọn sí Birkenhead, ìyẹn ìlú tó kọjú sí Liverpool, odò Mersey nìkan ló wà láàrin àwọn méjèèjì. Bàbá wọn ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ ọkùnrin. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn dáadáa, torí ọmọ ẹni tó ń ta nǹkan fáwọn èèyàn máa ń mọ bí oníbàárà tó ń ṣe bí ẹni ńlá ṣe ń sọ̀rọ̀, èmi gbà pé ibẹ̀ ni etí wọn ti kọ́kọ́ là sí ohùn àwọn èèyàn bíi Hyacinth. Wọ́n lọ sí Yunifásítì Liverpool, èdè àti lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kà níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ tíátà ní iléèwé Bristol Old Vic. Ọdún 1952 ni wọ́n kọ́kọ́ gba owó iṣẹ́ lórí ìtàgé, ní Liverpool Playhouse, eré Shakespeare ni, A Midsummer Night's Dream, Hippolyta ni wọ́n ṣe.

Látibẹ̀ lọ, iṣẹ́ ni, kì í ṣe òkìkí. Wọ́n ṣe díẹ̀ nínú Coronation Street lọ́dún 1961, nígbà tí eré yẹn ò tíì pé ọdún kan ààbọ̀, wọ́n ṣe obìnrin kan tó ní ilé tíì. Tẹ́ ẹ bá ti wo To Sir, with Love ti ọdún 1967, èyí tí Sidney Poitier ti ṣe tíṣà, ẹ padà lọ wò ó, ọ̀kan nínú àwọn tíṣà obìnrin inú ẹ̀, Patricia Routledge ni. Èmi fúnra mi ti wò ó tó ìgbà mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé àwọn ni.

Orin wá ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún 1968 ni wọ́n lọ ṣe eré olórin kan ní Broadway, New York, Darling of the Day ló ń jẹ́, àwọn àti Vincent Price. Eré yẹn ò rìn, kò pé oṣù méjì tó fi kógbá sílé, owó ńlá ló bá a lọ. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ pín áwọ́ọ̀dù Tony, èyí tí ò sí èyí tó jù ú lọ fáwọn ará Broadway, àwọn náà ni wọ́n fún ní ti òṣèré obìnrin tó dára jù nínú eré olórin, àwọn àti Leslie Uggams ló jọ gbà á lọ́dún yẹn. Ẹ rò ó wò, eré tó ti kú, tí kò sẹ́ni tó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ mọ́, ohùn obìnrin tó kọrin nínú ẹ̀ ṣì wà létí àwọn èèyàn débi tí wọ́n fi gbé áwọ́ọ̀dù fún un.

Lọ́dún 1976 wọ́n tún padà lọ, lọ́tẹ̀ yìí Leonard Bernstein ló kọ orin eré náà, 1600 Pennsylvania Avenue, ìyẹn àdírẹ́sì ilé ìjọba Amẹ́ríkà. Ìyàwó àwọn ààrẹ ni wọ́n ń ṣe, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Orin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Duet for One, ọjọ́ tí wọ́n ń gbé ìjọba láti ọwọ́ ààrẹ kan fún òmíràn ni, ìyàwó ààrẹ tó ń lọ àti ìyàwó ààrẹ tó ń bọ̀ ló ń kọ ọ́, òṣèré kan ṣoṣo yìí ló sì ń ṣe àwọn méjèèjì, á yí síbí á yí sọ́hùn-ún, ohùn méjì, ìwà méjì, nínú orin kan náà. Eré yẹn ṣe ìgbà méje péré kí wọ́n tó tì í pa. Ìgbà méje! Àwọn tó mọ orin ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ dòní. Nílé náà, lọ́dún 1988, wọ́n gba áwọ́ọ̀dù Olivier, ìyẹn ti àwọn tíátà Lọ́ńdọ̀nù, torí Candide, orin Bernstein náà ni.

Ní ti àádọ́ta ọdún tẹ́ ẹ kà yẹn, irọ́ ni, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín. Ọdún 1929 ni wọ́n bí wọn, ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1990 ni Keeping Up Appearances kọ́kọ́ jáde lórí BBC. Ọdún 61 ni. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta, tó ti lo nǹkan bí ọdún méjìdínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ káàkiri. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ lórúkọ wọn tí ò mọ ọjọ́ orí wọn, ẹ má gba èyí tó kù lọ́wọ́ ẹ̀.

Wọ́n ti lọ o. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n sùn tí wọn ò jí mọ́, ẹni ọdún 96. Wọn ò lọ́kọ, wọn ò bímọ, Chichester ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí nígbẹ̀yìn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Dame dá wọn lọ́lá lọ́dún 2017.

OlohunOke:

Ẹ̀gbọ́n Eléré ti sọ ọ́ tán, àmọ́ ẹ jẹ́ kémi sọ̀rọ̀ lórí orin yẹn fúnra ẹ̀ torí iṣẹ́ mi nìyẹn, àwọn akọrin ni mò ń kọ́.

Àǹtí Àdùkẹ́, ohun tẹ́ ẹ gbọ́ lánàá tẹ́ ẹ fi ní obìnrin yẹn ò lóhùn, ẹ tún un gbọ́. Ẹni tí ò lóhùn, ohùn ẹ̀ kì í lágbára, èémí ẹ̀ ò ní tó, tó bá dé ibi gíga á já, á wá bò ó mọ́lẹ̀. Hyacinth kì í já. Èémí ẹ̀ pé, ó lè gbá ohùn kan mú lókè kó sì fi í síbẹ̀ títí aládùúgbò fi máa ti fèrèsé. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń wọnú ohùn láti ìsàlẹ̀, á fà á gòkè díẹ̀díẹ̀ dípò kó bọ́ sórí ẹ̀ tààrà, á wá mi ohùn yẹn jìgìjìgì ju bó ṣe yẹ lọ, á sì kọ ọ́ bí ìgbà tí gbọ̀ngán ńlá wà níwájú ẹ̀ tó sì jẹ́ pé ojú títì ló wà. Gbogbo àṣìṣe yẹn ló dọ́gba, ìgbà gbogbo ló máa ń ṣe é bákan náà. Ẹni tí ò mọ orin kọ kì í sábà ṣe àṣìṣe kan náà bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ bi mí, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ṣi orin kọ tí ẹ̀rín ẹ̀ bọ́ sásìkò gẹ́ẹ́, ẹ mọ̀ pé ọ̀gá lẹ̀ ń gbọ́.

Emmet gan-an, ẹ ṣàkíyèsí ìdí tó fi ń sá. Nínú eré yẹn olórin ni, òun ló ń darí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe eré olórin ládùúgbò, Hyacinth sì fẹ́ kó mú òun síbẹ̀ lọ́ranyàn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbàrà tó bá ti rí i, orin ni.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tí omi fẹ́ bọ́ lójú ẹ̀ tí mo bá rò ó. Láàrin ìgbà tí wọ́n ń ṣe Hyacinth lọ́wọ́ yìí, ní nǹkan bí ìparí ọdún 1992, National Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù gbé Carousel jáde, eré olórin ti Rodgers àti Hammerstein. Patricia Routledge ni wọ́n fún ní Nettie Fowler. Nettie ló máa ń kọ You'll Never Walk Alone fún ọmọbìnrin tí ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, òkú ọkọ ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ mọ orin yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti wo bọ́ọ̀lù Liverpool rí ló mọ̀ ọ́n. Inú Carousel ló ti wá, láti 1945, kí Gerry and the Pacemakers tó kọ ọ́ lọ́dún 1963 tí àwọn ará Anfield fi gbà á ní tiwọn. Ẹ wá wò ó, ọmọ Birkenhead tó wà lódìkejì odò Liverpool ló dúró lórí ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù tó ń fi ohùn ara ẹ̀ tu opó nínú, bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún mélòó kan yẹn náà, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ń rí i lórí TV, wọ́n ń dìtí nítorí orin ẹ̀. Ọ̀fun kan náà ni. Mi ò mọ ẹlòmíràn tó ṣe irú ẹ̀.

Màmá tí ẹ ń tọ́jú yẹn, ẹ bá mi kí wọn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jókòó ní ọ̀kan nínú àwọn gbọ̀ngán yẹn rí.

TisaLekan:

Mo gbọ́ gbogbo tẹ́ ẹ sọ, kò sì sẹ́ni tó lè ní òṣèré yẹn ò mọṣẹ́. Àmọ́ kí n sọ tèmi, mi ò lè wo eré yẹn parí. Obìnrin tó ń tijú àwọn ẹbí ẹ̀ torí pé wọn ò lówó, tó ń fi ọkọ ẹ̀ ṣe ẹrú, tó ń ké mọ́ aládùúgbò débi tí ọwọ́ onítọ̀hún fi ń gbọ̀n tí tíì ń dà sílẹ̀, kí ló pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Irú wọn wà nínú ẹbí wa. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, òun gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀, ìdí àwọn ẹni ńlá tí ò mọ̀ ọ́n rárá ló ń fi í sí.

Adunni_Wò:

Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún un yín o, àmọ́ ẹ ò wò ó jìnnà. Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ní Daddy ti sọnù. Bàbá wọn ti gbó, ọ̀dọ̀ Daisy, àbúrò Hyacinth, àti Onslow ọkọ ẹ̀ ló ń gbé, ìgbà gbogbo ló ń bọ́ sóde tó ń ṣe ohun tí kò yẹ. Tí fóònù bá ti dún pé Daddy ti tún lọ, gbogbo abọ́ olówó iyebíye tó ti tò sórí tábìlì, gbogbo àlejò tó ti pè wá jẹun lábẹ́ iná àbẹ́là, á fi í sílẹ̀, á kó Richard ọkọ ẹ̀ sínú mọ́tò, ó di ilé Onslow. Á máa bú wọn lójú ọ̀nà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Kò sígbà kan tí kò lọ. Roy Clarke ló kọ eré yẹn, ó kọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ojú òṣèré yẹn lẹ máa wò, bí ojú yẹn ṣe ń já lulẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó tún gbé e ró. Obìnrin tó ń bẹ̀rù ni wọ́n ń ṣe. Ó ń bẹ̀rù pé ọjọ́ kan ni wọ́n máa mọ ibi tóun ti wá. Ẹni tó ń gbéraga lásán ò lè pa ará ìlú mìíràn lẹ́rìn-ín, BBC sì ta eré yẹn sí òkè òkun ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré wọn lọ, torí pé ẹni tó ń fi ibi tó ti wá pamọ́ wà níbi gbogbo.

Mo gbà pé ibi tí wọ́n ti kọ́ ìyẹn ni iṣẹ́ Alan Bennett, òǹkọ̀wé eré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni bá fẹ́ mọ òṣèré yìí, tó bá jẹ́ Hyacinth nìkan ló wò, kò tíì mọ̀ wọ́n. Lọ́dún 1982 wọ́n ṣe A Woman of No Importance fún BBC, òṣèré kan ṣoṣo ló jókòó tó ń bá wa sọ̀rọ̀, akọ̀wé ọ́fíìsì kan tó gbà pé gbogbo ènìyàn nífẹ̀ẹ́ òun, díẹ̀díẹ̀ la wá ń rí i pé àìsàn ti ń mú un lọ, kò sì sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún 1988 wọ́n tún ṣe A Lady of Letters nínú Talking Heads, ìyẹn àwọn eré TV tí Bennett kọ tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Irene Ruddock, lẹ́tà ni iṣẹ́ ẹ̀, gbogbo ohun tó bá rí láti ojú fèrèsé ẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà ẹ̀sùn lé lórí, títí ó fi fi ẹ̀sùn kan àwọn tọkọtaya tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn lọ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n ló bá a lọ. Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ni obìnrin yìí ti wá rí àwọn ọ̀rẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, inú ẹ̀ dùn. Mo sunkún nígbà tí mo wò ó, mi ò tiẹ̀ mọ èyí tí mò ń sunkún fún, ṣé àdánìkanwà tó ti kọjá ni àbí ayọ̀ tó pẹ́ kó tó dé. Ojú kan, àga kan, fèrèsé kan, kò sí nǹkan mìíràn. Ẹ fi Irene sẹ́gbẹ̀ẹ́ Hyacinth, ẹ máa rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n, ọ̀kan ń wo ojú fèrèsé, èkejì ń gbé fóònù tó ní "ilé Bouquet rèé, ìyálé ilé ló ń sọ̀rọ̀".

Ìdí tí Keeping Up Appearances fi parí ńkọ́, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan máa bèèrè. Patricia Routledge fúnra wọn ló dá a dúró. Síríìsì márùn-ún ni wọ́n ṣe, èyí tó gbẹ̀yìn jáde lọ́jọ́ Kérésìmesì 1995, àwọn èèyàn ṣì ń rọ́ wò ó, ẹni tó ń kọ ọ́ ò ní kí ó parí, BBC ò ní kí ó parí. Wọ́n ní ó tó, kí wọ́n lọ nígbà tí ojú ṣì ń wá wọn. Ìpinnu tó le nìyẹn fún ẹni tó lo ogójì ọdún kó tó rí ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀pọ̀ òṣèré ni ì bá di í mú títí ó fi máa kú sí wọn lọ́wọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1996, nígbà tí BBC ń ṣe ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún tẹlifíṣọ̀n wọn, àwọn òǹwòran dìbò, àwọn ni wọ́n yàn ní òṣèré obìnrin tí wọ́n fẹ́ràn jù.

Ọdún yẹn náà ni Hetty Wainthropp Investigates bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ọmọ ọgọ́ta ọdún kan ní Lancashire tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, tó ní kóun tó jókòó máa wo ògiri òun á di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọmọdékùnrin tó ń fi alùpùpù gbé e kiri nínú ẹ̀, Dominic Monaghan ni, ẹni tó padà ṣe Merry nínú The Lord of the Rings. Hetty ò bẹ̀rù rárá, kò fi nǹkan pamọ́, ibi tó ti wá ni ohùn ẹ̀ ti wá. Èmi nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ ju Hyacinth lọ, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ò ní gbà pẹ̀lú mi. Lẹ́yìn ẹ̀, ìtàgé ni wọ́n padà sí, wọ́n ṣe Lady Bracknell nínú eré Oscar Wilde, The Importance of Being Earnest, wọ́n tún gbé eré kan kiri lórí Myra Hess, obìnrin tó máa ń tẹ dùùrù fáwọn èèyàn ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà tí wọ́n ṣì ń gbé ìyẹn kiri láti ìlú dé ìlú.

TisaLekan:

Ọ̀rọ̀ Daddy yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò dé ibẹ̀ rí, apá méjì péré ni mo wò kí n tó pa á. Màá wá èyí tí bàbá yẹn ti sọnù wò lópin ọ̀sẹ̀.

Adukeade:

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ka gbogbo ẹ̀ lójú ọ̀nà iṣẹ́, mo kà á kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ yìí. Mo wá rẹ́kọ́ọ̀dù Darling of the Day tí ẹ̀gbọ́n Eléré sọ, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbé fóònù sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá, mo sì rọra tàn án. Mi ò sọ ẹni tó ń kọrin. Ẹ gbà mí gbọ́, èmi tí mo ní obìnrin yẹn ò lóhùn, ojú tì mí, ohùn yẹn gbóná, ó mọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀ ketekete. Nígbà tó dé ìdajì orin kejì màmá ti ń fi ìka lu aṣọ ìbora. Mo ní màmá, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń kọrin yìí, Hyacinth Bucket ni. Wọn ò wojú mi, wọn ò dá ìka dúró, wọ́n kàn ní "Bouquet."

Mo rẹ́rìn-ín débi tí ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ fi sáré wá wò bóyá nǹkan ń ṣe wá.

Ọ̀rọ̀ tó kù nìyí, ẹ bá mi dá sí i. Mo fẹ́ wá nǹkan mìíràn tí òṣèré yìí ṣe fún wọn, torí Keeping Up Appearances yìí, a ti wò ó ní àwòtúnwò. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú wá, Hetty ni àbí Talking Heads yẹn?

Adunni_Wò:

Hetty ni o, Àǹtí Àdùkẹ́. Ẹ má tíì gbé A Lady of Letters wá, àti A Woman of No Importance yẹn pàápàá, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó wò wọ́n nílé. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò rí àlejò púpọ̀ lè gbọ́ ọ lọ́nà tẹ́ ò rò. Hetty ń rìn, ó ń wọ bọ́ọ̀sì, ó ń bá ọkọ ẹ̀ Robert jiyàn lórí oúnjẹ alẹ́, kò sì sí apá tí kì í parí dáadáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá kìn-ín-ní kí wọ́n lè mọ bí ọmọdékùnrin yẹn ṣe dé ilé wọn.